Ìkòkò Irin Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà: Ìtàn Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Ewu Inú Rẹ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ohun tí àwọn àgbà fi òwe yìí kọ́ wa ni pé kí a má ṣe fi ojú òde ìkòkò ṣe ìdájọ́ inú rẹ̀. Òtítọ́ ni; síbẹ̀, ẹni tí yóò jẹ ẹ̀kọ náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a ti sè nínú ìkòkò ọ̀hún rí. Ìbéèrè yìí gan-an ni a fẹ́ yẹ̀ wò nípa ìkòkò irin àtijọ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà.

Bí a bá bá ìkòkò irin àtijọ́ pàdé ní ẹ̀yìnkùlé agboolé kan ní Òmù-Àràn tàbí ní Èsìẹ́, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tí ń ra irin àlòkù lè rà á lọ láti lọ yọ́ ọ. Àwọn ọmọ ilé lè fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi se oúnjẹ ní ọjọ́ ìnáwó. Ó sì lè wà níbẹ̀ tí òjò yóò máa pa á, tí adìẹ yóò máa mu omi inú rẹ̀. Ẹni tí ó tà á, ẹni tí ó fi dáná àti ẹni tí ó pa á tì, ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan nínú wọn tó kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ìkòkò náà ti ṣe. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìbéèrè nípa ìtàn ìkòkò àti ìbéèrè nípa ewu rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n. Iṣẹ́ tí ìkòkò ti ṣe ni yóò sọ fún wa bóyá a tún lè jẹun nínú rẹ̀.

Irin lílù àti irin dídà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Nítorí pé Ògún jẹ́ òrìṣà wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí àwọn alágbẹ̀dẹ sì ti wà ní ilẹ̀ wa kí òyìnbó tó dé, ó rọrùn láti rò pé àwọn alágbẹ̀dẹ wọ̀nyí ni ó ṣe ìkòkò irin tí a ń bá ní agboolé. Apá kan èrò yìí tọ̀nà, apá kejì kò tọ̀nà.

Iṣẹ́ irin ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ní tòótọ́. Lára àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí iye wọn ju 800 lọ, a rí àwọn tí ó mú àdá lọ́wọ́. Ìwádìí tí Phillips Stevens gbé jáde nínú ìwé ní ọdún 1978 sì tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100 gẹ́gẹ́ bí àkókò wọn. Ẹni tí ó gbẹ́ ère tí ó mú àdá ti mọ àdá. Bí a bá sì ń wá ẹ̀rí àkọsílẹ̀ nípa bí a ṣe ń yọ irin lára òkúta, kí a kúrò ní Ìgbómìnà lọ sí apá mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó, ti rí ìléru irin, tí ó sì kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1904.

Nínú irú ìléru bẹ́ẹ̀, èédú igi ni a fi ń dáná. Ooru rẹ̀ lè tó nǹkan bí 1,200°C. Ooru yìí tó láti mú kí ìdàrọ́, èyí tí í ṣe ìdọ̀tí inú òkúta irin, yọ́, kí ó sì ṣàn jáde. Ṣùgbọ́n irin gidi kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó 1,538°C. Nítorí náà, irin yóò kù sínú ìléru gẹ́gẹ́ bí òkìtì tí ó ní ihò wẹ́wẹ́. Alágbẹ̀dẹ ni yóò gbé e, tí yóò fi owú lù ú títí tí yóò fi di ọkọ́, àdá, ọ̀bẹ tàbí orí ọfà. Irin yìí ni a ó máa pè ní irin lílù nínú àròkọ yìí. Ó ṣeé tẹ̀, ó ṣeé nà, ó sì ṣeé tún rọ.

Irin ti ìkòkò yàtọ̀. Òun ni irin tí ó ti fa èédú mu púpọ̀, bí ìwọ̀n 2 sí 4 nínú 100. Èédú tí ó fà yìí mú kí ó lè yọ́ ní nǹkan bí 1,150°C, kí ó sì ṣàn bí omi sínú ohun tí a bá dà á sí. Irin dídà ni a ó máa pè é. Nígbà tí ó bá tutù, ó le koko, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá gbé e sínú iná, tí ó sì gbé owú lé e, yóò rí i tí ó fọ́ bí àwo. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa kò fi wá irú irin yìí: kò ṣeé lù, kíkọ́ àti mímọ iṣẹ́ wọn sì wà nínú lílù.

Nípa ti ohun èlò ìdáná, amọ̀ ni àwọn ìyá wa ń lò. Títí di òní, àwọn obìnrin Dàda ní Òkèlele ní Ìlọrin ṣì lókìkí nípa ìkòkò mímọ. Ọwọ́ obìnrin amọ̀kòkò ni ìṣaasùn ọbẹ̀, oru omi, agbada àti àjẹrẹ ti ń jáde. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni ọkọ́ àti àdá ti ń jáde. Ìkòkò tí a fi irin dídà ṣe kò sí nínú iṣẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Àlejò ni.

Bí àlejò náà ṣe dé

Àwọn ará Ṣáínà ti ń da irin láti ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1707 ni Abraham Darby gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà tí a fi ń da ìkòkò irin oníkùn sínú yanrìn. Ní ọdún 1709, ní Coalbrookdale, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi èédú ilẹ̀ tí a ti sun rọ́pò èédú igi nínú ìléru. Ohun méjèèjì yìí ni ó sọ ìkòkò irin di ohun tí tálákà lè rà. Kò pẹ́ tí ìkòkò irin fi wà lára ọjà tí ọkọ̀ òkun ń kó wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nígbà òwò ẹrú àti lẹ́yìn rẹ̀.

Láti etíkun dé Ìgbómìnà, ọ̀nà jìn, ẹrù irin sì wúwo. Orí ènìyàn ni ọjà ń gbà lọ sókè. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún 19, ogun tún dí ọ̀nà: Ìgbómìnà wà lára Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì, tí ìjà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí rẹ̀ ní ọdún 1886. Ìkòkò díẹ̀ lè ti dé nígbà náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣí ọ̀nà gbòòrò fún ẹrù wúwo ni ọkọ̀ ojú irin. Ó dé Ọ̀ṣogbo ní ọdún 1907, ó sì gba Ọ̀ffà kọjá dé Ìlọrin ní ọdún 1908. Láti Ọ̀ffà sí Òmù-Àràn, ìrìn náà kò pọ̀ mọ́.

Èyí fún olùkọ́ ìtàn ní ohun tí ó lè fi wọn ẹ̀rí wò. Bí ará ilé kan bá sọ pé ìkòkò irin wọn bá baba ńlá wọn wá nígbà tí wọ́n ń tẹ ìlú dó, kí a má ṣe pè é ní onírọ́. Ó lè jẹ́ pé ìkòkò amọ̀ ni ó kọ́kọ́ wà ní ipò náà, tí oyè rẹ̀ sì kọjá sára ti irin nígbà tí ti amọ̀ fọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu lè mọ ẹni tí ó ni ìkòkò. Ìkòkò fúnra rẹ̀ ni ó mọ bí a ṣe dá a.

Kí ni ó mú kí àlejò yìí tètè di ará ilé? Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta ni. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé ààrò tirẹ̀ wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ibi tí a bá gbé e kalẹ̀ sí ni a ti lè koná sí i nídìí. Ó ṣeé lò lóko àti nílé ìnáwó. Kì í sì í tètè fọ́ bí ti amọ̀, nítorí náà ó wúlò fún ohun tí ó ń pẹ́ lórí iná, bí irú tí a ń sè láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ìbéèrè mẹ́ta fún ẹni tí ó rí ìkòkò

Èkíní: kí ni a fi ṣe é? Gbé òòfà sí i lára. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Bí kò bá lẹ̀, ó lè jẹ́ alumíníọ̀mù tàbí idẹ. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì nítorí pé àwọn kan ń pe ìkòkò alumíníọ̀mù tí ó nípọn pẹ̀lú ní ìkòkò irin. Ìwúwo yóò tún jẹ́rìí: bí méjèèjì bá tóbi bákan náà tí wọ́n sì nípọn bákan náà, ti irin wúwo ju ti alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀.

Èkejì: báwo ni a ṣe dá a? Irin dídà máa ń ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí apá méjèèjì ohun tí a dà á sí ti pàdé. Ó tún máa ń ní àpá ní ìdí, níbi tí irin yíyọ́ ti gba wọlé. Bí àpá náà bá gùn tín-ín-rín bí ojú ọgbẹ́ tí ó ti san, ìkòkò náà sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí ọ̀rúndún 19 kò tíì parí. Bí lẹ́tà tàbí nọ́ńbà bá wà lára rẹ̀, kí a dà á kọ bí ó ti rí. Lẹ́tà lè jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó dà á. Nọ́ńbà sì sábà máa ń tọ́ka sí bí ìkòkò ṣe tóbi tó.

Ẹ̀kẹta, tí í ṣe ìbéèrè tí ó le jù: iṣẹ́ wo ni ó ti ṣe? Ìrísí rẹ̀ yóò sọ díẹ̀. Ìkòkò oníkùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ohun síse ni a dá a fún. Agbada tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ohun yíyan àti díndín ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a dá ohun èlò fún àti iṣẹ́ tí ó padà ṣe lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Ìkòkò tí a rà fún ọbẹ̀ lè di ti aláró, ti ẹni tí ń fi omi eérú se ọṣẹ dúdú, ti ẹni tí ń yọ́ ọ̀dà, tàbí ti ọdẹ tí ń yọ́ òjé fún ọta ìbọn. Nítorí náà, kí a wo inú rẹ̀ dáadáa. Aró yóò fi àwọ̀ sílẹ̀. Omi eérú yóò fi èépá funfun sílẹ̀. Ọ̀dà àti epo ọkọ̀ yóò fi òórùn sílẹ̀. Òjé lè fi ẹ̀kán wẹ́wẹ́ aláwọ̀ eérú sílẹ̀ nínú ihò ara irin.

Kí a sì béèrè ibi tí a ti rí i. Ní Kúbà, láàárín àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí, tí wọ́n mú ẹ̀sìn Yorùbá dé ibẹ̀ nígbà ìsìnrú, ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó kún fún ohun èlò irin ni ojúbọ Ògún. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kúrò ní ojúbọ, tí ó sì fọ̀ ọ́, ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn sí ìkòkò ọbẹ̀. Ìgbà tí ohun èlò bá kúrò ní àyè rẹ̀ ni ìdajì ìtàn rẹ̀ ti sọnù.

Ewu àti àǹfààní

Ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí, tí ó sì ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù, ni ìpẹtà. Ìpẹtà kì í ṣe májèlé. Bí ó bá jẹ́ ti òde ara nìkan, a lè ha á kúrò, kí a fọ ìkòkò, kí a gbẹ ẹ́ lórí iná, kí a fi òróró tí a ń jẹ pa á lára, kí a sì tún yan án títí tí yóò fi dúdú, tí yóò sì máa dán. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ dé ibi pé ó lu, iṣẹ́ ìdáná rẹ̀ ti parí.

Sísán ni èkejì. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń kan ìkòkò amọ̀ lọ́jà láti gbọ́ ohùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí a kan ti irin. Èyí tí ó pé yóò dún bí agogo. Èyí tí ó sán yóò dún kú. Ìkòkò tí ó sán lè là lójijì pẹ̀lú epo gbígbóná nínú. Ohun tí ó sì máa ń fa sísán náà ni kí a da omi tútù sínú ìkòkò tí ó gbóná.

Ewu tí ó le jù ni èyí tí ojú lè má rí. Òjé máa ń yọ́ ní 327°C péré, nítorí náà iná ìdáná lásán tó láti yọ́ ọ nínú ìkòkò irin. Ọṣẹ kì í fọ̀ ọ́ kúrò tán, iná kì í sì í jó o dànù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan nínú ara tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ni ó sì ń bàjẹ́ jù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní ọdún 2010 kò yẹ kí a gbàgbé: wọ́n ń lọ òkúta wúrà tí ó ní òjé nínú agboolé, eruku rẹ̀ sì pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Ìkòkò kọ́ ni ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: iṣẹ́ òjé àti ibi oúnjẹ kò gbọdọ̀ pàdé. Ìkòkò tí a bá fura sí, kí a má ṣe ha á, kí a má ṣe yan án, nítorí eruku àti èéfín rẹ̀ léwu. Kí a yà á sọ́tọ̀ títí tí ilé ìwádìí kan yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣọ́ra fún ìkòkò irin àtijọ́ tí a fi tánńganran bò nínú, bí tánńganran náà bá ti ń ṣí. Òjé lè wà nínú àwọn tánńganran àtijọ́.

Ǹjẹ́ irin fúnra rẹ̀ dára nínú oúnjẹ bí? Ìdáhùn rẹ̀ tún padà sórí iṣẹ́ tí ìkòkò ń ṣe. Ní Etiópíà, àwọn onímọ̀ ìlera fi ọdún kan ṣe àfiwé àwọn ọmọdé tí ilé wọn ń fi ìkòkò irin dáná àti àwọn tí ilé wọn ń lo ti alumíníọ̀mù. Àbájáde rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1999, fi hàn pé àìtó ẹ̀jẹ̀ dín kù lára àwọn ọmọ onìkòkò irin, nítorí pé irin díẹ̀díẹ̀ ń bọ́ sínú oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n ní Gúúsù Áfíríkà, láti ọdún 1929 ni oníṣègùn Strachan ti ṣàlàyé àìsàn tí àpọ̀jù irin ń dá sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Lára ohun tí ó fà á ni ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pọn sínú ohun èlò irin. Ọtí máa ń kan, kíkan a máa jẹ irin, ẹni tí ó bá sì ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ń mu irin pẹ̀lú rẹ̀. Ìkòkò irin tí ó ṣe ọmọ ọlọ́bẹ̀ lóore ni ó pa ọlọ́tí lára. Nítorí náà, a lè se ọbẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí ọtí ọkà tàbí ògì kan sínú rẹ̀.

Èyí tí ó gba ipò rẹ̀

Bí a bá ní kí a sá fún ìkòkò àtijọ́ nítorí ewu, kí a wo ohun tí a ń sá lọ bá. Alumíníọ̀mù máa ń yọ́ ní 660°C, nítorí náà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú Áfíríkà lè fi èédú àti ẹwìrì yọ́ ọ, kí wọ́n sì dà á sínú yanrìn. Ọgbọ́n tí Darby lò fún irin ni àwọn náà ń lò, iṣẹ́ wọn sì yẹ ní yíyìn. Ìṣòro wà nínú ohun tí wọ́n ń yọ́: àlòkù ẹ̀rọ ọkọ̀, agolo, àti ohun mìíràn tí kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 2014, Weidenhamer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ láti Kamẹrúùnù, wọ́n sì rí i pé òjé ń bọ́ lára wọn. Ní ọdún 2017, wọ́n yẹ ohun èlò ìdáná 42 wò láti orílẹ̀-èdè 10. Lára ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta wọn lọ, òjé tí ń bọ́ sínú omi kíkan tó èyí tí ó yẹ kí a kọminú sí.

A rí i báyìí pé kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó ń sọ ìkòkò di eléwu. Ìkòkò tuntun tí a kò mọ ibi tí irin rẹ̀ ti wá kò sàn ju ìkòkò àtijọ́ tí a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìkádìí

Ní ọdún 1933 ni H. G. Ramsay, tí ó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wò, mú ìròyìn àwọn ère Èsìẹ́ dé etí ìgbọ́ àwọn aláṣẹ. Ní ọdún 1945 ni a sì ṣí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ìlú náà. Ara ohun tí ó gba àwọn ère wọ̀nyí là ni pé òkúta kò ṣeé yọ́ tà, kò sì ṣeé se ọbẹ̀ sí. Ìkòkò irin kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lé òṣùwọ̀n onírin àlòkù ni lẹ́tà ara rẹ̀, àpá ìdí rẹ̀ àti èépá inú rẹ̀ yóò parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Irin rẹ̀ yóò sì lọ di ohun mìíràn tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ orírun rẹ̀.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ lè fún akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣòro, kò sì ní owó nínú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ìkòkò àtijọ́ kan ní agboolé rẹ̀. Kí ó gbé òòfà sí i lára. Kí ó wọn ẹnu àti gíga rẹ̀. Kí ó ya àwòrán àpá àti lẹ́tà ara rẹ̀. Kí ó má ṣe ha inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá àgbà tí ó pẹ́ jù nínú ilé, kí ó sì béèrè pé, “Ìyá, kí ni ẹ fi ìkòkò yìí ṣe rí?” Kí ó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ bí ìyá bá ti sọ ọ́. Ní ọjọ́ ìdánwò, yóò ní àpẹẹrẹ ẹ̀rí mẹ́ta lọ́wọ́: ti ẹnu, ti ìwé àti ti ohun àfojúrí. Ní ọjọ́ ìnáwó, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò mọ ìkòkò tí ó yẹ kí a gbé ka iná àti èyí tí kò yẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi iṣẹ́ yìí dọ́la, nítorí ìkòkò lè dúró dè wá, ṣùgbọ́n ìyá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè dúró títí.